Wọ́n Máa Bò Ó

Ọkùnrin kan wà ní ìlú ńlá kan, tí àwọn ará òpópónà rẹ̀ fi jẹ alága láìjẹ́ pé ó du ipò náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká síbi iṣẹ́ wọn. Ilé tó ń gbé dákẹ́ rọ́rọ́. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó sọ ìṣòro gbogbo àdúgbò di tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá da ilẹ̀ sínú àgbàrá, òun ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún, tí yóò sì bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ṣẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó jẹ́ alága fún kò ní ohun ìní kan ju ọkọ́, ṣọ́bìrì àti bàtà òjò lọ. Bí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù bá ti pé, wọn a jáde láàárọ̀, tọkùnrin tobìnrin, wọn a kó yanrìn àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà, wọn a ro etí ọ̀nà, wọn a sì gbálẹ̀ dé ojú títì. Wọn kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni ẹ̀fọn fi dín kù lọ́dọ̀ wọn, tí àwọn ará òpópónà kejì sì ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ.

Ọkùnrin yìí ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò yìí ń ti òdìkejì ìlú gbé ọbẹ̀ wá fún un nínú kúlà. Yóò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lójú títì, yóò sì máa rìn bọ̀ lórí pẹpẹ kọ́ńkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà. Orúnkún ń dùn ún, kò sì lè sáré yà fún ọ̀kadà ní àárín ọ̀nà, ló ṣe fẹ́ràn etí gọ́tà.

"Alága!" Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa pariwo. "Alága gbogbo ayé, alága tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé ara rẹ̀!"

"Àbí ìwọ náà fẹ́ wá du ipò ni?"

"Èmi kẹ̀? Ipò tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀! Ẹ gba ọbẹ̀ yín jàre, Bọ̀dá mi, kó tó di pé ó tutù."

Ọkùnrin náà yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ohùn ènìyàn ń dún nínú ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó kù, ó ń dúró de Ọjọ́bọ̀ ni.

Ní Sátidé kan, àwọn ẹgbẹ́ gbálẹ̀ dé iwájú ilé ìlọta kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ibẹ̀ ni omi òpópónà mẹ́ta ti ń pàdé kí ó tó gba abẹ́ títì lọ sódò. Gọ́tà ibẹ̀ jìn ju ènìyàn lọ. Yanrìn ti dí i, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kó o àfi kí wọ́n ṣí pẹpẹ kọ́ńkéré kan lórí rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e.

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹ iyán lánàá, ẹ bọ́ síwájú!"

"Èmi ò jẹ iyán o. Ẹ̀bà ni ìyàwó mi fún mi."

"Abájọ! Mo ní kí ló ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni pẹpẹ náà yọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì fi etí lu òkúta, ó fọ́ sí mẹ́ta. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, wọ́n sì dúpẹ́. Wọ́n kó yanrìn náà tán. Àmọ́ ihò kan ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó fẹ̀ tó ẹní kékeré.

Bàbá kan wà láàárín wọn tó jẹ́ bíríkìlà, òun ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́. Baba Bíríkìlà na ọwọ́ sórí ihò náà, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó ní, "Èyí ò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ." Oòrùn ti mú nígbà náà, ó sì ti rẹ gbogbo wọn. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka dọ́ńgóyárò kan, wọ́n tì í bọ inú ihò náà kí àwọn tó ń kọjá lè rí i, wọ́n sì gbára jọ láti fi àdúrà túká. Ẹni tó gbàdúrà ní, "Olúwa, ihò yìí náà, wọ́n á bò ó kí ó tó gbé ẹnikẹ́ni mì."

Gbogbo wọn ní, "Àmín."

Kò sẹ́ni tó bèèrè pé àwọn wo.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ẹgbẹ́, obìnrin kan tó ń ránṣọ, ti ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn kánsù létí. Ọkùnrin tó bá nídìí tábìlì kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ, Màdáàmù, wọ́n máa wá bò ó lọ́sẹ̀ yìí." Inú obìnrin náà dùn. Bó ṣe ń bọ̀, ó yà sí ọ̀dọ̀ Baba Bíríkìlà, ó bá a níbi tó ti ń kan pákó pọ̀ láti fi da kọ́ńkéré tuntun.

"Baba, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́ o. Wọ́n ní àwọn máa bò ó lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá náà gbé òòlù sílẹ̀. Kánsù ni akọ̀wé ń wí. Àmọ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ alága nìyẹn láti ìgbà tó ti di akọ̀wé: wọ́n ní ká pé jọ, wọ́n ní ká mú ọkọ́ wá, wọ́n ní ká dúró. Alága ni Baba gbọ́. Ó rò lọ́kàn rẹ̀ pé, "Áà, alága ti wá bíríkìlà mìíràn. Wọ́n ti rí i pé mo ti darúgbó." Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n àgbà kì í bèèrè ohun tí wọn kò fi lọ̀ ọ́.

"Ó dáa," ni ó wí. "Bá mi kí wọn."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé Baba ń fi kánsù ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bàbá náà sì gbé pákó rẹ̀ ti ara ògiri.

Akọ̀wé kò tíì dé ilé nígbà tí ó pàdé alága.

"Akọ̀wé wa, ihò iwájú ilé ìlọta yẹn ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà. Ọ̀dọ̀ Baba Bíríkìlà ni mo ti ń bọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn máa bò ó lọ́sẹ̀ yìí."

Ìwọ tí o jẹ́ Yorùbá, sọ fún mi, ta ni ìwọ ì bá gbọ́? Baba Bíríkìlà ni alága gbọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rìn dé ibẹ̀ láti wò ó. Ihò náà ṣì là sílẹ̀, ẹ̀ka dọ́ńgóyárò ti ń rọ, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Alága rántí pé ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé òun, tó nípọn, tó wúwo, tó sì lè bo ihò náà délẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi dé. Ó padà sílé. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ nu òwú aláǹtakùn kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Ibẹ̀ ni ó dúró sí.

Ó ń rò ó pé, "Bí mo bá gbé ilẹ̀kùn lọ síbi tí Baba ti ní àwọn máa ṣe, kí ni Baba máa rò? Wọ́n á ní mo ń kánjú lé àwọn lórí. Wọ́n á ní mi ò gba ọ̀rọ̀ àwọn gbọ́."

Ó fi ilẹ̀kùn náà síbi tó wà. Kò ṣe ọ̀lẹ. Ojú àgbàlagbà ló ń wò.

Lọ́jọ́rú, ó ń bọ̀ láti ibi ẹ̀kọ́ Bíbélì, òun àti Baba Bíríkìlà bá pàdé lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ ihò yẹn o, Baba."

"Iṣẹ́ yín ni, Alága." Bàbá náà kò wo ojú rẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àgbà ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. "Olúwa á túbọ̀ fún yín lókun, sà."

"Ẹ̀yin náà á rí okun gbà."

Wọ́n kọjá lára wọn. Ihò náà kò ju ìpè kan lọ sí ibi tí wọ́n ti kí ara wọn.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Irú òjò tó máa ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da omi láti orí òrùlé ni. Omi òpópónà mẹ́ta ya wọlé, ó bo gọ́tà, ó bo ọ̀nà, gbogbo ilẹ̀ wá tẹ́jú bákan náà, ó pọ́n. Ẹ̀ka dọ́ńgóyárò náà ti bá omi lọ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Alága jókòó sílé, ó ń wo ojú fèrèsé. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àbúrò òun kò ní wá lónìí. Síbẹ̀ ó fọ abọ́ méjì, ó gbé wọn sórí tábìlì.

Àbúrò rẹ̀ wá. Òjò ti rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lójú títì. Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé kúlà mọ́ àyà. Nítorí pé kò rí ilẹ̀, ó gba ibi tó dá a lójú jù, ìyẹn orí pẹpẹ gọ́tà, ibi tó ti ń rìn láti ọdún mẹ́rin. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ń ta oògùn ní òdìkejì rí i, ó sì figbe ta pé, "Màmá, ẹ má gba ibẹ̀ o! Ẹ má gba ibẹ̀!" Ariwo omi kò jẹ́ kó gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Ìkẹta kò bá nǹkan kan.

Nígbà tí alága gbọ́ igbe, ó rò pé omi gbé ewúrẹ́ ẹnìkan ni. Ó mú agbòjò, ó jáde. Ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń sáré lọ sí ibi tí gọ́tà ti ń tú jáde ní ìsàlẹ̀ títì. Ó rí Baba Bíríkìlà nínú omi dé ìbàdí, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága ń bèèrè pé, "Ta ni? Ta ni?" Wọ́n kàn ń yà fún un lọ́nà ni. Bí wọ́n ṣe ń yà fún un yẹn ló jẹ́ kó mọ̀.

Wọ́n sin àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n jókòó nílé alága, àwọn ẹbí àti àwọn ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin olóògbé, tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ méjì, kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló yẹ kó bo ihò yẹn?"

"Wọ́n ní àwọn máa bò ó, ọmọ mi."

"Àwọn wo, Bàbá?"

Alága yíjú sí Baba Bíríkìlà. Baba Bíríkìlà dìde dúró láìmọ̀.

"Èmi? Alága, ẹ̀yin kọ́ ni? Ẹ̀yin ni wọ́n sọ fún mi pé ẹ máa bò ó. Pákó mi wà lára ògiri nílé. Mo ti kan án dé ìdajì."

Ojú gbogbo wọn lọ sára akọ̀wé. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Yéè! Kánsù! Kánsù ni mo ń wí o!"

Kò sí òpùrọ́ kankan láàárín wọn. Kò sí ọ̀lẹ. Ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ti gbé ẹnì kejì gẹ̀gẹ̀, kò fẹ́ já orúkọ rẹ̀ lu ilẹ̀, kò fẹ́ bi í ní ìbéèrè tí yóò dà bí àìgbọ́kànlé. Ọmọbìnrin náà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kígbe mọ́ wọn ni, ì bá sàn fún wọn.

"Ẹ mà bọ̀wọ̀ fún ara yín gan-an ni o," ló wí. Ó dìde, ó wọ inú yàrá lọ láti bá àwọn obìnrin tó ń sunkún jókòó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan dúró síwájú ilé ìlọta. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù mẹ́ta sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé pẹpẹ kọ́ńkéré tuntun lé ihò náà. Kò gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ. Alága dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Ọ̀kan nínú wọn kí i, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti bò ó o."

Kò jẹ alága mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ṣùgbọ́n bí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù bá pé, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ rí tí yóò bẹ̀rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì sọ pé wọ́n máa ṣe nǹkan kan, yóò gbé orí sókè, yóò sì dúró títí onítọ̀hún yóò fi dárúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ìtàn náà ń sọ pé Bàbá yìí ti ń ṣarán.

Ìwọ arábìnrin mi, ìwọ arákùnrin mi, ọ̀wọ̀ dára. Àwọn òbí wa ló fi kọ́ wa, a ò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí a fi ń pe àgbà kan ṣoṣo, tí a tún fi ń pe ogún ènìyàn, tí a sì ń pè nígbà mìíràn tí kò sí ẹyọ ẹnìkan níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù bí abẹ́ igi. Ènìyàn lè jókòó síbẹ̀ kó sùn lọ.

Màmá tó máa ń jókòó nítòsí ọ̀wọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Sunday kẹta rèé tí a ò rí wọn. Mo bi ẹnìkan, ó ní wọ́n ti lọ wò wọ́n. Mo bi ẹlòmíràn, ó ní wọ́n ń lọ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi náà ti ṣe àmín sí àdúrà tí a gbà pé kí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí wọn, mo sì ti lọ sílé lọ se oúnjẹ. Ìwọ ńkọ́? Ilẹ̀ tí wọ́n ń dà sójú àgbàrá yín, ọmọ aládùúgbò rẹ tí kì í lọ sílé ìwé, ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀ ní ògiri kejì, ta lo ní yóò ṣe nǹkan sí i?

Nígbàkígbà tí "wọ́n" bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ, mú un dúró, kí o dárúkọ ẹni tí ò ń wí. Bí o bá wá orúkọ títí tí o kò rí, dìde ńlẹ̀. Ìwọ ni wọ́n.